Ẹnu Gbà, Ọwọ́ Kọ̀

Ojú ewé kọkàndínlógún ló dá ìjà sílẹ̀.

Títí dé ojú ewé kejìdínlógún, kò sí ohun tí Jọọlá àti Kọ́lájọ ò fẹnu kò lé lórí. Kọ́lájọ ló ń kọ ìtàn, Jọọlá ló ń ya àwòrán. Ọdún kejì nìyí tí wọ́n ti jọ ń ṣe ìwé kọ́míìkì kan tí àwọn ọmọ ilé ìwé láti Ìgbókòdá dé Ayétòrò ń já gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Akọni méjì ló wà nínú rẹ̀. Arìnlómi ni obìnrin, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn lórí òkun. Afohùnfà ni ọkùnrin. Bí ó bá ti pe èèyàn, onítọ̀hún á dìde tẹ̀lé e ni, ìbáà ṣe olè, ìbáà ṣe apànìyàn.

Lójú ewé kọkàndínlógún, Kọ́lájọ kọ ọ́ pé kí Afohùnfà pe Arìnlómi, kí Arìnlómi rìn wá láti orí ìgbì, kí ó ṣubú sí i láyà, kí wọ́n sì fẹnu kora wọn lẹ́nu.

Jọọlá ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Tísà, níbo ló ti gbà?"

"Ta ni?"

"Arìnlómi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ sí i lẹ́nu láti ìwé kìíní ni mo mọ̀. Kò síbi tó ti sọ pé òun fẹ́ ẹ."

"Ó pè é, ó wá. Agbára ẹ̀ nìyẹn, Jọọlá."

"Agbára kan náà ló fi mú olè lójú ewé kẹrin. Olè yẹn náà wá. Ṣé olè náà fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀yìn eyín lásán ni. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, tísà tí ìjọba gbé wá kọ́ àwọn ọmọ etí òkun ní ìmọ̀ èdè, kò sì sí ọjọ́ kan tí ìjókòó lórí pákó ilé ìyá Jọọlá ní Ayétòrò tù ú lára, nítorí òkun ń lu òpó ilé náà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ìlà ilé mẹ́ta ni omi ti gbé lọ níwájú ilé yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jókòó síbẹ̀ sọ fún Jọọlá pé òun fẹ́ fi í ṣe aya. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Jọọlá ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó ná."

Ohun tí Kọ́lájọ ò mọ̀ ni pé Jọọlá ti rò ó tán. Moríkẹ́, ìyá rẹ̀, nìkan ló sọ fún. Ó ní bí ìwé kejì bá ti jáde, tí orúkọ òun wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, òun á fún ọkùnrin náà ní èsì rere. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ìyàwó tísà tó ń ya àwòrán. Ó fẹ́ dé ilé ọkọ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá dá.

Jọọlá mú búrọ́ọ̀ṣì padà. Ó ní ìwà kan: kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ìwé, á kọ́kọ́ fi ètè pọ́n ọn kó lè mú ṣóńṣó.

"Yíǹkì á pa ọ́ lọ́jọ́ kan," ni Kọ́lájọ wí. Ó sì wo ẹnu rẹ̀ pẹ́.

*

Ọ̀sán gangan, òjò ń rọ̀ ní Òde Mahin. Kọ́lájọ jókòó lórí àpótí nínú yàrá Olówòkéré, adáhunṣe tí àwọn apẹja ń bẹ̀rù débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń wò bí wọ́n bá ń tukọ̀ kọjá ilé rẹ̀.

"Ṣé ó kọ̀ ọ́ ni?"

"Kò kọ̀, Bàbá. Kò sì gbà. Ó ní òun ń rò ó. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń rò ó."

"Ẹni tó ń ronú ò tíì bínú sí ọ. Kí ló ń lé ọ?"

Kọ́lájọ wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ewé kọkàndínlógún ti bà á nínú jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú rẹ̀, kì í ṣe Afohùnfà ni Jọọlá kọ̀, òun ni.

"Ó ti sú mi," ló sọ.

Olówòkéré bèèrè orúkọ ọmọbìnrin náà àti orúkọ ìyá tó bí i. Ó bèèrè ohun tí ń dé ẹnu rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí Kọ́lájọ yọ ìgò yíǹkì kékeré jáde, àgbàlagbà náà gbà á, ó gbé e sí etí, bí ẹni pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

"Máyẹhùn ni èyí yóò jẹ́. Ohùn rẹ ni kò ní lè yẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa, tísà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń so. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú."

Òjò dá lójijì nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Omi tó ń kán láti orí òrùlé dúró láìkán mọ́. Kọ́lájọ rí i, ó sì ṣe bí ẹni pé kò rí i.

*

Yíǹkì tuntun tí Kọ́lájọ mú wá fún un dán. Jọọlá fi ètè pọ́n búrọ́ọ̀ṣì, adùn bí ìrèké kọ́kọ́ bá a lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni iyọ̀ òkun.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ò ti gún mọ́. Ẹja tí Moríkẹ́ tò sórí àtẹ kò gba èéfín. Ọjọ́ mẹ́ta ni iná fi ń jó lábẹ́ wọn, tí omi ń sun jáde lójú wọn bí ẹkún. Ẹyẹ àkẹ̀ funfun kan wá bà sórí òrùlé, ó kọjú sí òkè ilẹ̀, ó kọ̀yìn sí òkun, kò sì kúrò níbẹ̀. Bí Jọọlá bá ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jà, ojú Kọ́lájọ ni gbogbo wọn ń ní. Ó pa á rẹ́, ó tún un yà, ojú kan náà ló tún jáde.

Lọ́jọ́ kẹrin, nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó kún fún èrò, ó gbọ́ tí ohùn kan pe orúkọ rẹ̀ láti inú omi. Ó dìde dúró. Ọkọ̀ mì jìgìjìgì, àwọn obìnrin kígbe mọ́ ọn, ọkùnrin kan sì di aṣọ rẹ̀ mú kó tó gbẹ́sẹ̀ sójú omi.

Nígbà tí ọkọ̀ dé èbúté, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò darí sí ilé. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà bó ṣe ń lọ, bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ó gba ọgbà ilé ìwé kọjá, ó dé ibi tí àwọn tísà ń gbé, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Kọ́lájọ ní ojú gbogbo ayé.

"Tísà, mo gbà," ni ẹnu rẹ̀ wí.

Nínú ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, Jọọlá ń lu ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

*

Ohun tó mú un bínú jù ni ayọ̀ àwọn èèyàn. Ìlú gbọ́, ìlú ń kí i kú oríire. Ó wá ìyá rẹ̀ lọ síbi àtẹ ẹja, ó ní òun á sọ òótọ́ fún un.

"Ìye, ẹ gbọ́ mi. Èmi kọ́ ni mo..." Ahọ́n rẹ̀ yí. "Èmi kọ́ ni mo yan ara mi fún un, Ọlọ́run ló yàn mí. Ọkùnrin dáadáa ni."

Moríkẹ́ nu ọwọ́ sí ìró. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣebí o ti sọ fún mi pé o máa gbà. Ó kàn yá ju bí o ṣe wí lọ ni."

Ó tún gbìyànjú lọ́dọ̀ aṣáájú ìjọ. Aṣáájú ìjọ gbàdúrà ìgbéyàwó lé e lórí. Ó fẹ́ kọ ọ́ sínú fóònù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìka ọ̀tún rẹ̀ kọ oríkì Kọ́lájọ. Gbogbo ọ̀nà tó ń gbà jáde ló ń mú un padà sí ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà. Bó bá ti ń sún mọ́ ọn, ara rẹ̀ á máa yá gágá, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Ìyẹn ló wá ń bà á lẹ́rù jù: bí ìfẹ́ gan-an ló ṣe ń ṣe é.

Lọ́jọ́ keje, Kọ́lájọ gbé ojú ewé kọkàndínlógún sí i níwájú. Ó yà á láìjiyàn. Ó ya òkun, ó ya ìgbì, ó ya Arìnlómi láyà Afohùnfà, ẹnu lórí ẹnu.

Nígbà tí yíǹkì gbẹ, ó tún àwòrán náà wò. Ọwọ́ òsì Arìnlómi ò sí lára ọkùnrin náà. Ó nà sẹ́yìn, ó di etí àwòrán mú, ìka márààrún ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ìka ẹni tí omi ń gbé lọ tó rí etí ọkọ̀ dì mú. Kọ́lájọ ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jọọlá ò sì rántí pé òun yà á.

Ó wo ọwọ́ òsì tirẹ̀ lórí tábìlì. Ẹnu ti lọ, ẹsẹ̀ ti lọ. Ọwọ́ òsì ṣì kù.

*

Inú Kọ́lájọ dùn fún ọjọ́ mẹ́ta péré.

Lọ́jọ́ keje yẹn kan náà, ó ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìtàn burúkú sínú ewé tó tẹ̀ lé e, ìtàn tí kò lórí tí kò nídìí, kí Jọọlá lè bá a jiyàn.

"Ṣé ó dára?"

"Ó dára, Tísà."

"Ibi tí ẹja ti gun ẹṣin yìí ńkọ́?"

"Bí ẹ bá ti wí ni."

Ó wo ojú rẹ̀. Ojú náà ń rẹ́rìn-ín sí i, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń bi í pé níbo ló ti gbà, òun ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ta wá ni èyí tó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì láti òwúrọ̀ títí tí agogo á fi lù, tí kì í jẹun àfi bó bá pè é wá jẹun?

Ó padà sí Òde Mahin, inú ń bí i. Ó ní kí Olówòkéré dẹ okùn náà díẹ̀.

"Mo sọ fún ọ," ni Olówòkéré wí. Ó gbórí sókè, ó ń gbọ́ nǹkan tí Kọ́lájọ ò gbọ́. "Ọmọ náà ò sí nílé. Ó wà lórí omi, ó ń lọ sí ìhà Etíkàn. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ le, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú."

Ìdí tí Kọ́lájọ fi wá ni pé kí wọ́n dẹ okùn náà. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ pé ẹlòmíì fẹ́ tú u, ẹ̀rù bà á pé yóò pàdánù gbogbo rẹ̀, ó sì nawọ́ jáde. Olówòkéré fi ohun dúdú kan sí i lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí o pè é. Bó bá jẹ́ ọ, kò sí ẹ̀rọ̀ kankan mọ́. Bí kò bá jẹ́ ọ..."

"Bí kò bá jẹ́ mi ńkọ́?"

Àgbàlagbà náà ti ń ti ilẹ̀kùn.

*

Ọwọ́ òsì ló tukọ̀ náà. Jọọlá so ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ìgbàdí, nítorí ọ̀tún ń darí ọkọ̀ padà sí ilé ìwé. Kùrukùru bo ojú omi tóbẹ́ẹ̀ tí igi ẹ̀gbà etí omi ò fi hàn àfi bí imú ọkọ̀ bá kàn án. Wákàtí púpọ̀ kọjá kó tó rí ilé Àrìnpé, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá rẹ̀, tó ń dá gbé níbi tí ojú omi ti tóóró, tó ń hun ẹní.

Àrìnpé ò kí i. Ó gba ìka rẹ̀, ó fi imú sí i. Ó ya ẹnu rẹ̀, ó wo ahọ́n. Ahọ́n náà dúdú dé ìdí.

"Ta ló fún ọ ní ohun tí o fi ń kọ nǹkan?"

"Ọkọ mi ni," ni Jọọlá dáhùn, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ọkùnrin tí kò lẹ́gbẹ́."

Ìyá arúgbó náà gbé ìkòkò kan kúrò lórí ààrò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rùn bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. "Mo lè tú u. Mo sì lè dá a padà fún ẹni tó rán an, kí òun náà máa tẹ̀lé ọ kiri bí ajá. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì àfi bí o bá gbà. Ṣé o fẹ́ kí n tú u?"

Jọọlá la ẹnu. "Mi ò fẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Àrìnpé tún bi í. Ẹnu náà tún kọ̀. Jọọlá fi orí gbá òpó ilé, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti tukọ̀ dé ibi ìwòsàn, ẹnu ara rẹ̀ ló ń lé e lọ.

"Ìye, ẹ kàn ṣe é," ló yẹ kó wí. "Ìye, ẹ jẹ́ n máa lọ," ló jáde.

"Mo rí ohun tó ń ṣe ọ́," ni Àrìnpé wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó so ọ́ ò bi ọ́. Bí èmi náà bá tú ọ láìbi ọ́, kí ni mo fi sàn jù ú lọ? Wá ọ̀nà sọ fún mi."

Lójú omi, níbi jíjìn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan dún.

Jọọlá wo ilẹ̀ kiri. Ó fi ọwọ́ òsì mú èédú kan láti inú ààrò, ó dojú ẹní tuntun kan bolẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán lẹ́yìn rẹ̀. Ó ya ọkùnrin kan tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀, obìnrin sì di orí okùn náà mú. Ó wò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ló ya obìnrin kan ṣoṣo létí omi. Okùn jáde láti ọ̀nà ọ̀fun obìnrin náà, ó wọ inú kùrukùru lọ, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí okùn yẹn.

Àrìnpé ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ka ìyẹn.

"Gbọ́ èyí kí o tó wọ omi. Ṣé o ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó so ọ́?"

Èédú dúró lọ́wọ́ Jọọlá. Ó mi orí sókè sódò.

"Omi ò mọ ti rere yàtọ̀ sí ti búburú. Ó lè fọ ti àkọ́kọ́ náà lọ. Ó sì lè fi díẹ̀ nínú ti oògùn yìí sílẹ̀. O ò ní mọ èwo ni èwo. Ṣé o ṣì fẹ́?"

Jọọlá fi èédú tẹ ọ̀bẹ náà mọ́lẹ̀ títí èédú fi fọ́.

*

Omi ń fà padà sí òkun nígbà tí Àrìnpé tì í wọ̀ ọ́ dé àyà. Ó da ohun inú ìkòkò lé e lórí, ó sì ń pe ọfọ̀ kan tí Jọọlá ò gbọ́ irú èdè rẹ̀ rí. "Bí wọ́n bá pè ọ́, má dáhùn," ló wí láàrin rẹ̀. "Bí ó ti wù kó rí, má dáhùn."

Ẹ́ńjìnnì náà ti sún mọ́ tòsí. Kùrukùru ò jẹ́ kí ohunkóhun hàn.

"Jọọlá."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e síwájú. Omi gbà á dé àgbọ̀n. Gbogbo iṣan ara rẹ̀ yíjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó ti ètè méjèèjì mọ́ eyín títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

"Jọọlá."

Èyí jáde ní ohùn Moríkẹ́, ìyá rẹ̀. Igi ẹ̀gbà mì láìsí afẹ́fẹ́. Ohùn Àrìnpé ń rẹlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ là sí méjì.

Ohùn kẹta kò ní agbára kankan nínú. Ohùn tísà ni, ohùn tó rẹ̀, tó ń sunkún.

"Jọọlá, jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Má fi mí sílẹ̀."

Ọkùnrin yẹn gan-an ni Jọọlá mọ̀. Ohùn yẹn ni ó ti máa ń bá jiyàn lórí pákó ilé ìyá rẹ̀. Àrìnpé rí i pé ó ń la ẹnu, ó nawọ́ láti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o.

"Rárá," ni Jọọlá wí.

Ohùn ara rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Nǹkan já lójú omi bí ẹni fa aṣọ ya. Ẹ́ńjìnnì kú. Jọọlá bì, ó ń bì yíǹkì dúdú sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá tó ti fi ètè kan búrọ́ọ̀ṣì, omi sì ń gbé e lọ ní ìlà gbọọrọ sí ìhà òkun. Láti inú kùrukùru, wọ́n ń gbọ́ ọkùnrin kan tó ń wá ohùn ara rẹ̀, tí kò sì rí i.

*

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni Kọ́lájọ wá sí ilé Moríkẹ́ ní ọ̀sán. Ohun tó jáde lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi pákó ha yanrìn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, ilé ìwé sì ti fún un ní ìsinmi. Kò tọ́jú ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Ó jẹ́wọ́ ìgò náà, ó jẹ́wọ́ Olówòkéré, ó dọ̀bálẹ̀ lórí pákó.

Moríkẹ́ mú àjẹ̀ ọkọ̀ nílẹ̀ láti fi lù ú. Jọọlá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dìde, Tísà. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹ wà nílẹ̀ tí mo bá ń sọ ọ́. Mo ti máa gbà. Ìye mi nìyẹn, ẹ bi í. Ó ku kí ìwé jáde ni."

Kọ́lájọ wo Moríkẹ́. Moríkẹ́ yíjú sí òkun.

"Nígbà wo?" ni ó bèèrè, ohùn rẹ̀ ń ya.

"Oṣù tó ń bọ̀."

Ó jókòó. "Kò ṣeé ṣe kí a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" ni Jọọlá wí. Inú ń bí i. "Ẹ ò jí ara mi nìkan. Ẹ jí ẹni tó máa bá mi mọ ohun tí mo fẹ́. Bí ẹ bá lu mí, màá mọ ibi tó ń dùn mí. Èyí tí ẹ ṣe yìí, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fọwọ́ bà."

Ó gba gbogbo ewé àwòrán rẹ̀ padà lọ́wọ́ Kọ́lájọ, ó kà wọ́n pé, ó sì wọlé.

*

Kò bá a ṣe ìwé mọ́. Àwọn ará Ayétòrò sọ tiwọn: àwọn kan ní ọkùnrin náà ṣe ohun tó burú, àwọn kan ní ṣebí ó fẹ́ fẹ́ ẹ sílé ni, kí ló dé tí ọmọ náà le tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ Jọọlá láti máa dá wọn lóhùn.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń lọ sí Ìgbókòdá. Wọ́n ti jáde sójú ọ̀sà kó tó gbọ́ tí ọkùnrin kan húkọ́ lẹ́yìn, ikọ́ tó ha bí yanrìn. Kò bojú wẹ̀yìn. Àyà rẹ̀ fò sókè, ó ń lù kìkì, ara rẹ̀ yá gágá láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọrùn.

Ó di etí ọkọ̀ mú. Ó ń wá inú ara rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ wá abẹ́rẹ́ nínú ẹrẹ̀. Ṣé ẹ̀rù ni? Ṣé ìyókù oògùn ni? Àbí òun gan-an ni, Jọọlá ọmọ Moríkẹ́, tó ti yan ọkùnrin kan fúnra rẹ̀ nígbà kan rí? Kò sí èyí tó dá a lóhùn.

Obìnrin tó jókòó tì í wò ó lójú. "Ṣé kò sí o, àǹtí?"

"Mi ò mọ̀," ni Jọọlá wí.

Ó kọjú sí omi, kò sì yí i padà títí ọkọ̀ fi kan èbúté, tí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, tí ikọ́ náà sì jìnnà réré wọ àárín ọjà lọ.